Wọ́n tún gbé bọ́ọ̀lù fún Saka

Bí ẹ bá bi àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù dáadáa pé ìgbà wo ni Bukayo Saka, agbábọ́ọ̀lù Arsenal àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, borí pẹ́nárítì tó gbá sọnù ní pápá Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 2021, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa dárúkọ Düsseldorf, ìlú kan ní Jámánì. Wọ́n á ní ọjọ́ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kojú Switzerland lọ́dún 2024, tí Saka gbá góòlù tó gbà wọ́n sílẹ̀, tó tún lọ gbá pẹ́nárítì tirẹ̀ wọlé nígbà tó yá, ọjọ́ yẹn ló san gbèsè. Ọ̀rọ̀ gbèsè yìí kò bá mi lára mu rárá. Ọmọ ọdún 19 kì í jẹ odindi orílẹ̀-èdè ní gbèsè torí pé gókípà rí bọ́ọ̀lù rẹ̀ mú. Yàtọ̀ síyẹn, ẹni tó bá fi Düsseldorf parí ìtàn Saka ti gé e kù. Ọmọ náà ti gbá pẹ́nárítì mìíràn sọnù kí ọjọ́ yẹn tó dé, ó tún gbá òmíràn sọnù lẹ́yìn rẹ̀, iṣan ẹ̀yìn itan rẹ̀ ya, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó padà, ó tún farapa.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sí nínú góòlù kankan. Ó wà nínú ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ẹni tó kùnà lójú gbogbo ayé tó lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i: ẹnì kan ní láti tún gbé bọ́ọ̀lù fún un. Bí kò bá sí ẹni tó gbé e fún un, ìgboyà yòówù tó bá ní nínú, inú náà ló máa wà. Mo mọ ẹnì kan tí wọn ò gbé e fún. Mo ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Wembley, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rántí alẹ́ náà lódì. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 11 oṣù Keje, 2021, àṣekágbá Euro 2020, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Yúróòpù tí àrùn Kòrónà ti sún síwájú, Gẹ̀ẹ́sì àti Ítálì. Àwọn tó wà lórí ìjókòó lé ní 67,000. Luke Shaw ti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, Leonardo Bonucci sì dá a padà fún Ítálì ní ìṣẹ́jú 67. Láti ọdún 1966 ni ikọ̀ ọkùnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ti gba ife ńlá kankan, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ara wọn á ṣe máa gbọ̀n. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 70 ni Saka wọlé láti orí ìjókòó àwọn arọ́pò. Nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti kọjá, tó kù díẹ̀ kí rẹfirí fọn fèrè, ó yí Giorgio Chiellini, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yìn Ítálì, po létí pápá, ó fẹ́ sá lọ. Chiellini na ọwọ́, ó gbá ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn, ó fà á wálẹ̀ bí ẹni fa ewúrẹ́ kúrò nínú oko ẹ̀gẹ́. Káàdì yẹ́lò ló gbà. Àwòrán yẹn yí gbogbo ayé ká.

Ó wá ku pẹ́nárítì. Marcus Rashford gbá tirẹ̀ mọ́ òpó, Gianluigi Donnarumma, gókípà Ítálì, mú ti Jadon Sancho. Ìgbà tí àfikún àkókò fẹ́ parí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú àwọn méjèèjì wọlé, torí pẹ́nárítì yìí gan-an. Jordan Pickford, gókípà Gẹ̀ẹ́sì, wá mú ti Jorginho. Ítálì mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì méjì, ẹni tó kàn ni Saka. Ibí yìí làwọn èèyàn ti máa ń ṣì í rántí. Wọ́n á ní ká ní Saka gbá a wọlé ni, Gẹ̀ẹ́sì ì bá gbé ife lọ sílé. Rárá o. Ká ní ó wọlé, mẹ́ta sí mẹ́ta ni, wọn ì bá sì máa gbá a lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ẹnì kan á fi kùnà. Bọ́ọ̀lù tí kò lè gba ife fún wọn rárá ni wọ́n fi dá ọmọ náà lẹ́bi ife.

Kò tíì gbá pẹ́nárítì rí láàárín àwọn àgbà, ì báà jẹ́ fún Arsenal tàbí fún orílẹ̀-èdè. Donnarumma tó dúró síwájú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mítà méjì. Ilé bọ́ọ̀lù fẹ̀ ní mítà 7.32, ó ga ní mítà 2.44, àmì funfun tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé sì jìnnà sí i ní mítà 11. Lójú àwa tá a wà nídìí tẹlifíṣọ̀n, ẹnu ọ̀nà ńlá nìyẹn. Ẹni tó bá ti dúró níbẹ̀ rí ló mọ̀ bó ṣe máa ń súnkì. Chiellini fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ nígbà tó yá pé òun pariwo “Kiricocho” bí Saka ṣe ń lọ gbá a. Orúkọ yẹn wá láti Argentina. Olólùfẹ́ ẹgbẹ́ Estudiantes kan ni wọ́n ní ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé Carlos Bilardo tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, tí wọ́n gbà pé ibi tó bá yọjú sí, nǹkan á bàjẹ́ níbẹ̀; làwọn agbábọ́ọ̀lù bá sọ orúkọ ọ̀hún di èpè tí wọ́n ń rán sí alátakò. Mo dàgbà láàárín àwọn tó gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnu ń jà, mi ò sì lè fi èyí ṣe ẹ̀fẹ̀ bí àwọn oníròyìn ṣe fi ṣe é. Ẹni ọdún 36 ló ń ṣépè fún ọmọ ọdún 19. Donnarumma fò, ó gbá bọ́ọ̀lù náà dànù, ó sì dìde, ó ń rìn lọ láìyọ̀ rárá, torí òun gan-an kò mọ̀ pé ó ti parí, pé àwọn ti borí.

Ilé ìwòran kan ní Mọ̀kọ́lá, n’Íbàdàn, ni mo ti wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà. Jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, ooru mú. Látìgbà tí Saka ti wọlé, “ọmọ wa” ni. Yorùbá làwọn òbí rẹ̀, Ealing ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, gbogbo wa la sì ní ìpín nínú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, títí kan àwọn olólùfẹ́ Chelsea tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Arsenal. Bí Donnarumma ṣe mú bọ́ọ̀lù báyìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní, “Ṣebí Gẹ̀ẹ́sì ló ní òun fẹ́ gbá fún. Kó lọ jẹ ẹ́ níbẹ̀.” Bàbá kan lápá ọ̀tún mi yíjú sí i: “Pa ẹnu ẹ dé. Ta ló rán ọmọ kékeré nírú iṣẹ́ yẹn?” Ọmọ náà dáhùn pé, “Bàbá, ẹ má bínú. Ọ̀gá wọn ló mú un.” Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Ọ̀gá wọn ló mú un lóòótọ́.

Gareth Southgate tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá nígbà náà ti gbá pẹ́nárítì sọnù rí ní Wembley àtijọ́, lọ́dún 1996, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì kojú Jámánì ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Bí ẹnikẹ́ni bá mọ bí ẹrù yẹn ṣe wúwo, òun ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, àgbà ló yẹ kó na ọwọ́ sí ohun tó wà lókè. Èrò tèmi nìyẹn títí di òní, mi ò yí i padà. Àmọ́ mo bọlá fún Southgate lórí ohun kan: kò dúró kí ilẹ̀ mọ́ kó tó sọ fún gbogbo ayé pé òun lòun yan àwọn tó gbá a, ọrùn òun sì lẹ̀bi wà.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò dá àwọn tó ti gbé fóònù dání dúró. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti kún ojú ewé Saka, Rashford àti Sancho lórí ẹ̀rọ ayélujára. Mi ò ní tún un kọ síbí. Ní Withington, Manchester, wọ́n kọ ìkọkúkọ sára àwòrán Rashford tó wà lára ògiri. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni Saka sọ̀rọ̀. Ó ní bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lòun ti mọ irú ìkórìíra tó ń bọ̀ wá bá òun. Ẹ rò ó wò. Nínú ìbànújẹ́ tó burú jù láyé rẹ̀, nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, apá kan ọkàn rẹ̀ ti ń múra sílẹ̀ de èébú nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó dárúkọ Instagram, Twitter àti Facebook, ó ní òun kò fẹ́ kí ọmọdé tàbí àgbà kankan gba irú ọ̀rọ̀ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbà. Ó tún ní òun kò ní jẹ́ kó fọ́ òun.

Ìkà tiwa náà wà níbẹ̀ o, bí kò tiẹ̀ bá tàwọ̀ lọ. Ẹni tó bá wà láyé lọ́jọ́ 13 oṣù Kejì, 2000, kò lè gbàgbé Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-èdè ní Sùúrùlérè, àṣekágbá ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, àwa àti Cameroon. Méjì sí méjì la gbá, pẹ́nárítì ló parí ẹ̀. Bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba lu ọ̀pá òkè, ó já sílẹ̀ kọjá ìlà, rẹfirí ní kò wọlé. Mẹ́rin sí mẹ́ta ni wọ́n fi nà wá. Bọ́ọ̀lù tó wọlé ni, gbogbo ayé rí i, síbẹ̀ mo ti gbọ́ àwọn àgbàlagbà tó ń fi orúkọ Ikpeba bú ọmọ tó bá gbá bọ́ọ̀lù sọnù ládùúgbò. Ọkùnrin tó ti gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà lọ́dún 1997!

Ẹni tí mo ní mò ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò, bíi Saka, ó sì dára débi pé àwọn ọmọ tó jù ú lọ máa ń wá pè é nílé pé kó wá bá àwọn gbá. Nígbà tó wà ní girama, ó gbá pẹ́nárítì sọnù nínú ìdíje láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi kọ orin. Tíṣà tó ń mú wọn jáde kò bá a wí, kò nà án. Ó kàn yọ ọ́ kúrò nídìí pẹ́nárítì ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ó yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ eré, nígbà tó yá kò pè é mọ́. Ó dà bíi pé ó ń ṣàánú rẹ̀. Àbúrò mi náà kò bẹ̀bẹ̀. Ó fi bàtà rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Mo wà nílé lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ náà wá gbà á, ọjọ́ náà sì ń dùn mí títí dòní, torí gbogbo wa la rò pé ìjákulẹ̀ kékeré ni, pé ó máa kúrò lára rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Saka lẹ́yìn Wembley fi ká mi lára ju Wembley fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tó padà sí London Colney, níbi tí Arsenal ti ń ṣe ìgbáradì, wọ́n mú un lọ síwájú ògiri kan. Lẹ́tà ló bo ògiri náà, èyí tí àwọn ọmọdé fi kíréyọ̀nù kọ, èyí tí àwọn àgbà kọ. Nínú fídíò tí Arsenal gbé jáde, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀, ó ń kà á. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, Arsenal lọ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ ní pápá Tottenham. Ẹni tó bá mọ ìjà Arsenal àti Tottenham mọ̀ pé kò sí ìkínni láàárín wọn. Nígbà tí Saka wọlé, àwọn olólùfẹ́ Tottenham pàtẹ́wọ́ fún un. Olólùfẹ́ Arsenal ni mí, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n sọ ohun tó dára nípa Tottenham, àmọ́ mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó gbá góòlù kan sí wọn nílé wa ní Emirates, a nà wọ́n 3-1.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ó di oṣù Kẹrin, 2022. Arsenal wà ní Stamford Bridge, pápá Chelsea, wọ́n ń na Chelsea, eré ti fẹ́ parí, rẹfirí sì fún wọn ní pẹ́nárítì. Saka ló mú bọ́ọ̀lù. Ó wọlé, ó di 4-2. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, Manchester United wá sí Emirates, pẹ́nárítì tún wà, òun náà ló tún gbá a wọlé. Mikel Arteta, akọ́nimọ̀ọ́gbá Arsenal, kò fi í pamọ́ bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ó lè sọ pé kí ẹlòmíràn máa gbá a fún ọdún kan sí i ná, kò sẹ́ni tó máa bá a jà. Kò sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, ẹ rántí West Ham. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin, 2023. Arsenal ń léwájú nínú líìgì lọ́dún náà, àwa tá a ti ń retí láti 2004 ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lórí ìka. Wọ́n ti gbá góòlù méjì, West Ham dá ọ̀kan padà, pẹ́nárítì dé, Saka gbá a, ó gba ẹ̀gbẹ́ òpó lọ síta. Jarrod Bowen sọ ọ́ di méjì sí méjì, Manchester City ló sì gba ife náà nígbẹ̀yìn. Ìyẹn dùn mí ju Wembley lọ, kí n sọ tòótọ́. Ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, Arsenal padà sí pápá West Ham kan náà. Gókípà gbé Saka ṣubú, pẹ́nárítì, òun fúnra rẹ̀ ló dìde gbá a. Ó wọlé. Mẹ́fà sí òdo ni wọ́n fi na West Ham lọ́jọ́ náà, méjì jẹ́ ti Saka.

Nígbà tí Düsseldorf fi máa dé, ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, 2024, kò sí ohun tuntun nínú rẹ̀ mọ́ fún ẹni tó ti ń fọkàn bá a lọ. Breel Embolo gbá góòlù fún Switzerland ní ìṣẹ́jú 75, Saka yí wọlé láti apá ọ̀tún, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá a láti ìta àpótí pẹ́nárítì, ó lu òpó wọlé ní ìṣẹ́jú 80. Ẹni kẹta ni nídìí pẹ́nárítì. Gbogbo àwọn márùn-ún ló gbá tiwọn wọlé. Ó dùn mọ́ mi, mo tiẹ̀ pariwo. Àmọ́ iṣẹ́ ibẹ̀ ti ṣe tán ní Stamford Bridge lọ́dún méjì ṣáájú.

Nígbà tó yá ni ara wá kọ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, 2024, Arsenal ń na Crystal Palace ní Selhurst Park, 5-1 ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Saka kò rí i parí. Ní ìṣẹ́jú 24 ló ti di ẹ̀yìn itan mú, ó jókòó sílẹ̀, igi ìtìlẹ̀ ni wọ́n sì rí i tó fi ń rìn kúrò ní pápá.

Iṣan mẹ́ta ló wà lẹ́yìn itan. Láti egungun tí a fi ń jókòó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ kọjá ẹ̀yìn orúnkún. Bí èèyàn bá ń sáré àsápajúdé, ẹsẹ̀ tó ju síwájú kì í dá ara rẹ̀ dúró, àwọn iṣan yìí ló ń dá a dúró kí àtẹ́lẹsẹ̀ tó kanlẹ̀. Wọ́n ń nà, wọ́n tún ń fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń ya. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn eléré ìdárayá tí eré sísá jẹ́ oúnjẹ wọn ló máa ń ṣe jù, irú Saka tó jẹ́ pé ohun tó ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni kó sáré, kó dúró gbọn-in, kó tún sáré. Bí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ abẹ sí i, ojú ọgbẹ́ á jinná, àmọ́ ibi tó jinná yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá sì ti ya rí sún mọ́ yíya lẹ́ẹ̀kejì ju ẹni tí kò ya rí lọ. Nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni: ìrìn lásán, sísáré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, sísáré taara, yíyípo, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀lù. Ọkàn ló máa ń jinná kẹ́yìn. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Ẹsẹ̀ á ti yá tán pátápátá, dókítà á ti fọwọ́ sí i, síbẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ fẹ́ sá a tagbáratagbára, ara á fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀.

Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn láti sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé bí àgbò bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Òwe tó dùn ni, mi ò sì rò pé ó bá ibí yìí mu. Àgbò fúnra rẹ̀ ló pinnu pé òun ń fẹ̀yìn rìn, ó mọ ibi tó ń lọ, ó mọ ìgbà tó máa sáré padà. Ẹni tí iṣan rẹ̀ já kò yan nǹkan kan. Ó jókòó sílé, ó ń wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń jìyà láìsí i. Manchester United lé Arsenal kúrò nínú FA Cup, Newcastle lé wọn kúrò nínú ife líìgì, Gabriel Jesus farapa, Kai Havertz farapa, Merino tó jẹ́ ọmọ àárín gbùngbùn pápá ló wá di ẹni tó ń gbá iwájú. Kò sí agbára kankan tí èèyàn ń lọ mú nínú irú ìjókòó yẹn. Sùúrù ni, sùúrù tó korò.

Ọjọ́ 101 ló fi wà níta. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, 2025 ló padà, Arsenal àti Fulham ní Emirates. Gbogbo pápá dìde nígbà tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú 66. Ìṣẹ́jú méje péré lẹ́yìn náà, bọ́ọ̀lù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́bàá òpó kejì, ó fi orí kàn án wọlé. Ibi tó sáré lọ ni mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí. Etí pápá ló gbà lọ, sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn tó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, ó sì rọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí àwa olólùfẹ́ kò mọ̀ sójú ni, ẹni tó ń kà á fún un lójoojúmọ́ pé ó tún ku ẹ̀ẹ̀kan, ó tún ku ẹ̀ẹ̀kan.

Ọjọ́ 15 lẹ́yìn ìyẹn ni Bernabéu, pápá Real Madrid, nínú Champions League, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ ńlá ilẹ̀ Yúróòpù. Arsenal ti na Real Madrid 3-0 nílé, Declan Rice gbá friikíkì méjì wọlé tí mo ṣì ń wò lórí fóònù títí di báyìí. Wọ́n wá lọ sí Madrid fún ẹ̀ẹ̀kejì, gbogbo Sípéènì sì ń sọ pé Real á dá a padà, torí wọ́n ti dá a padà rí. Ní bí ìṣẹ́jú 13, VAR, ìyẹn àwọn rẹfirí tó ń wo fídíò, rí i pé wọ́n fa Merino lulẹ̀. Pẹ́nárítì. Saka. Kò gbá a ní gbígbá, ó rọra gbé e sókè bí àwọn tó fẹ́ fi gókípà ṣe yẹ̀yẹ́ ṣe máa ń ṣe. Thibaut Courtois, gókípà Real, kò gba ẹ̀tàn, ó na ọwọ́, ó gbá a dànù. Mi ò fẹ́ràn bó ṣe gbá a, mi ò sì tíì fẹ́ràn rẹ̀ di òní. Níwájú èrò tó tó bẹ́ẹ̀, nínú irú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbá a le koko kí ọkàn wa balẹ̀. Pápá hó yèè. Àwọn Real rí ọ̀nà.

Láti ìṣẹ́jú 13 yẹn títí dé ìṣẹ́jú 65 ni mo ń wò léraléra, ju góòlù lọ. Ohun tí mo ń wá ni bóyá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un. Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kùnà, bọ́ọ̀lù á kàn máa gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, kò sẹ́ni tó máa pàṣẹ rẹ̀. Wọn ò yẹra. Bọ́ọ̀lù ń wá sápá ọ̀tún, òun náà ń béèrè rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 65, Merino, ẹni tí wọ́n fà lulẹ̀ kí pẹ́nárítì tó wáyé, tó sì rí i bó ṣe ṣòfò, òun gan-an ló ta bọ́ọ̀lù sáàárín àwọn ẹ̀yìn Real. Saka sáré sí i. Courtois jáde sí i. Ó rọra gbé bọ́ọ̀lù sókè lórí rẹ̀. Irú gbígbá tó kọ̀ fún un ní ìṣẹ́jú 13 ló tún lò, sí gókípà kan náà, lójú èrò kan náà. Ó wọlé. Vinícius dá ọ̀kan padà fún Real lójú ẹsẹ̀, Gabriel Martinelli wá fi òmíràn kún un nígbẹ̀yìn, 2-1, márùn-ún sí ọ̀kan lápapọ̀.

Ní oṣù Karùn-ún, wọ́n lọ sí Paris fún ìpele tó kángun sí àṣekágbá ìdíje náà, láti kojú ẹgbẹ́ PSG. Saka gbá góòlù kan sí PSG ní ìṣẹ́jú 76, tí ìrètí fi tún sọ jí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ́yìn ẹ̀, bọ́ọ̀lù dé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítòsí ilé tó ṣí sílẹ̀, ó gbá a fò. Arsenal jáde. Nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, tí wọ́n ń na Leeds 5-0, iṣan ẹ̀yìn itan tún dá a dúró, ó tún di ilé. Oṣù Kẹsàn-án ló padà, Arteta mú un wọlé lẹ́yìn ìsinmi ìlàjì eré nígbà tí wọ́n kojú Manchester City.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, 2025, West Ham wá sí Emirates. Arsenal ti gbá ọ̀kan wọlé, wọ́n fún wọn ní pẹ́nárítì ní ìṣẹ́jú 67, Saka gbá a, ó wọlé, eré parí sí 2-0, oníkálukú lọ sílé. Kò sẹ́ni tó sunkún nílé ìwòran wa, kò sẹ́ni tó rántí Wembley. Ohun tí mo ì bá fẹ́ fún àbúrò mi nígbà náà kò ju ìyẹn lọ: pẹ́nárítì kan ṣáá, ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nínú eré tí kò ní ife kankan nínú, kí tíṣà rẹ̀ sì ju bọ́ọ̀lù sí i pé, “Ìwọ lo máa gbá a.”